Bẹ́ ẹ bá fẹ́ jiyàn lórí bọ́dà Amẹ́ríkà, ẹ kọ́kọ́ ka èyí ná

Ẹ̀yin èèyàn mi, gbogbo ìgbà tí ọ̀rọ̀ bọ́dà Amẹ́ríkà bá ti délẹ̀ báyìí, ariwo ló máa ń pọ̀ ju ọ̀rọ̀ lọ. Ẹnì kan á ní kí wọ́n lé gbogbo àwọn àjèjì tí ò ní pépà dànù, ẹlòmíì á ní ṣebí àwọn náà ló ń kórè oúnjẹ tí gbogbo yín ń jẹ, wọ́n á wá máa jágbe mọ́ra wọn títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ẹ jẹ́ n sọ bémi ṣe máa ń ṣe é.

Ẹ kọ́kọ́ bi onítọ̀hún pé ta ló ń bá wí gan-an. Ẹni tó fẹsẹ̀ gba aṣálẹ̀ Arizona wọlé yàtọ̀ sẹ́ni tó lọ bá àwọn ẹ̀ṣọ́ bọ́dà fúnra ẹ̀ pé wọ́n fẹ́ pa òun nílé, òun ń wá ibi sá sí. Àwọn méjèèjì tún yàtọ̀ sẹ́ni tó fi físà gidi wọ bàlúù wá, tí físà tán tí ò padà mọ́. Ẹni ìkẹta yìí, ògiri bọ́dà wo lẹ fẹ́ mọ dè é? Òkè ògiri ló gbà kọjá, pẹ̀lú bẹ́líìtì lára ẹ̀.

Tí wọ́n bá ju fígọ̀ iye èèyàn tí wọ́n mú ní bọ́dà sílẹ̀, ẹ má tètè gbé e mì. Ohun tí àwọn ẹ̀ṣọ́ bọ́dà ń kà ni iye ìgbà tí wọ́n mú èèyàn, kì í ṣe iye èèyàn. Láti March 2020 títí di May 2023 tí wọ́n ń fi Title 42, ìyẹn òfin ìlera, dá àwọn èèyàn padà kíákíá torí kòrónà, ọ̀pọ̀ ló tún padà wá gbìyànjú ẹ̀, ẹnì kan ṣoṣo lè di mẹ́ta nínú ìwé. Èèyàn ṣì pọ̀ lóòótọ́ o, ẹ má lọ fi tèmi purọ́.

Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ gan-an ló ládùn. Wọ́n á ní kí ló dé tí wọn ò tò sórí láìnì bíi ti gbogbo ayé. Láìnì wo? Físà H-2A wà fún iṣẹ́ oko, kò tiẹ̀ ní iye tí wọ́n fi dé e, àmọ́ iṣẹ́ tó ní sáà ló wà fún. Ẹ wá wo oko màlúù oníwàrà, màlúù ò mọ sáà, ìdájí wọ́n á fún wàrà, ìrọ̀lẹ́ wọ́n á tún fún un, Kérésì o, yìnyín o, tí wọ́n bá fi í sílẹ̀ ọmú á wú, á di àìsàn. Torí pé iṣẹ́ àṣeyípo ọdún ni, H-2A ò gbà á nìyẹn. Gíríìn káàdì fẹ́ni tí iṣẹ́ ẹ̀ ò gba ìwé rẹpẹtẹ ńkọ́? 10,000 lọ́dún ni òfin 1990 fi sí i, tìyàwó tọmọ.

Ẹ má sì jẹ́ kí àwọn ọ̀gá iṣẹ́ lọ lọ́fẹ̀ẹ́. Òfin tí Ààrẹ Reagan fọwọ́ sí ní 1986 fún bíi mílíọ̀nù 2.7 èèyàn ní pépà, ó sì ní kẹ́nikẹ́ni má gba ẹni tí ò ní pépà síṣẹ́ mọ́. Bó ṣe ń lọ rèé: òṣìṣẹ́ á kó káàdì jáde, ọ̀gá á wò ó, tó bá ti jọ ojúlówó lójú, á kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù I-9, á sáìnì, ó parí. Tó bá tún ní kó mú òmíì wá, wọ́n lè ní ó ń ṣe ojúsàájú. E-Verify, ètò ìjọba, máa ń yẹ pépà òṣìṣẹ́ wò lórí kọ̀ǹpútà, àmọ́ ìjọba àpapọ̀ ò kàn án nípá fún gbogbo èèyàn, Arizona ti kàn án nípá ní tiẹ̀ láti 2008. Ẹni tó bá wá ń pariwo ògiri, ògiri, tí ò dárúkọ E-Verify rí, ẹ bi í léèrè.

Ẹni tó bá sọ pé oko á parẹ́ tí wọ́n bá lé àwọn òṣìṣẹ́ yìí náà, ẹ bi í pé iye owó wo ló fẹ́ san ná. Nígbà tí ètò Bracero, tí wọ́n fi ń kó òṣìṣẹ́ oko wá láti Mexico láti 1942, kásẹ̀ ńlẹ̀ ní 1964, àwọn olóko tòmátì California ní àwọn ti gbé, àmọ́ ẹ̀rọ ló wá ń kórè tòmátì tí wọ́n ń rọ sínú agolo. Strawberry ní tiẹ̀ ṣì ń gba ọwọ́ èèyàn títí dòní, nítorí náà ẹ bi í pé irè wo ló ń sọ.

Tí wọ́n bá wá ní kò sẹ́ni tó gbìyànjú àtitún un ṣe rí, irọ́ ni jàre. Ní 2013, Sẹ́nétọ̀ 68 ní bẹ́ẹ̀ ni, 32 ní rárá, lórí òfin tó kó ẹ̀ṣọ́ bọ́dà, E-Verify, físà òṣìṣẹ́ àti pépà àwọn tó ti wà ńlẹ̀ pọ̀ sójú kan. Ilé Aṣojú ò tiẹ̀ dìbò lé e lórí. Ẹ jù ú sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kẹ́ ẹ dákẹ́, kó wá fèsì.