Ẹ má sọ "a dúpẹ́" fún dókítà VA

Ẹ̀yin ará wa, ẹ kú ojúmọ́ o. Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú wa n'Ìbàdàn yìí ní ọmọ tàbí àbúrò tó ṣe sójà l'Amẹ́ríkà, tí àìbalẹ̀-ọkàn kò jẹ́ kó rí oorun sùn mọ́. Tó bá fẹ́ béèrè owó ìrànwọ́ lọ́wọ́ VA, ìyẹn ilé-iṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń bójú tó àwọn tó ti ṣe sójà rí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ èyí fún un.

Kì í ṣe orúkọ àìsàn nìkan ni wọ́n ń wò. Tí ẹ̀rí bá ti wà pé iṣẹ́ ológun ló fà á, bó ṣe ń dí i lọ́wọ́ lẹ́nu iṣẹ́ àti láàárín ẹbí ni wọ́n ń wọ̀n: 0, 10, 30, 50, 70 tàbí 100 nínú ọgọ́rùn-ún. Ìjayà òjijì tó ń ṣe èèyàn ju ẹ̀ẹ̀kan lọ lọ́sẹ̀ wà lára àmì ìpele 50. Èyí tí kò ju ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ lọ, ti 30 ni. Nítorí náà, kó máa kọ ọjọ́ tó bá ṣe é sílẹ̀.

Àwa Yorùbá, kódà bí inú wa ń jó bí iná, "a dúpẹ́" là ń wí. Ọmọlúàbí ni, àmọ́ kò gbọdọ̀ sọ bẹ́ẹ̀ níwájú dókítà tí VA bá ní kó yẹ̀ ẹ́ wò. Kó ṣàlàyé ọjọ́ tó burú, láì fi irọ́ kún un: bí èrò ọjà Bódìjà ṣe lé e padà sílé, bó ṣe fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ náà lè kọ ohun tójú rẹ̀ ń rí. VA máa ń gbà á bí ẹ̀rí.