Bí a ṣe ń yan ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn eyín ní Èkó

Kí ẹ tó kọ orúkọ fásitì kankan sínú fọ́ọ̀mù JAMB, ẹ kọ́kọ́ wádìí bóyá àjọ MDCN, tó ń ṣàkóso iṣẹ́ dókítà àti oníṣègùn eyín ní Nàìjíríà, fọwọ́ sí ẹ̀ka náà, kí wàhálà ọdún 6 má baà já sí òfo. Yunifásítì Èkó ń kọ́ni ní Ìdí-Àràbà lẹ́gbẹ̀ẹ́ LUTH, ilé ìwòsàn ńlá tí akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ti ń kọ́ṣẹ́. Ẹ̀ka ìṣègùn LASU, ìyẹn Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó, wà ní Ìkẹjà pẹ̀lú LASUTH, ilé ìwòsàn tirẹ̀. Ẹ bá akẹ́kọ̀ọ́ tó ti dé ọdún kẹ́rin sókè sọ̀rọ̀: ṣé òun fúnra rẹ̀ ló ń dí ihò eyín aláìsàn lójú olùkọ́, àbí ńṣe ló kàn ń wòran? Ní tèmi, èyí ṣe pàtàkì ju ẹwà ọgbà lọ. Ẹ béèrè, pẹ̀lú, ẹni tó ń ra irinṣẹ́ ìtọ́jú eyín: ṣé ilé ẹ̀kọ́ ni, àbí akẹ́kọ̀ọ́?