Bí mo ṣe kọ́ Afárá Ṣáwá sí Òṣogbo

Odò Ọ̀ṣun ò gba ọkọ̀ ojú omi ńlá, nítorí náà kò sẹ́ni tó máa kọ́ afárá tó ń ṣí sókè sórí ẹ̀. Èmi kọ́ ọ, àmọ́ orí tábìlì ni. Àwọn ọmọ kíláàsì mi ló fà á. Mo sọ fún wọn pé Great Yarmouth, ìlú kan létí òkun nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣí afárá tuntun lóṣù kejì ọdún 2024, pé tí ọkọ̀ ojú omi bá ń bọ̀, títì á là sí méjì láàárín, apá méjèèjì á sì nàró. Ọ̀kan nínú wọn ní, "Tísà, ṣé kì í ṣe fíìmù lẹ wò?"

Herring Bridge ni wọ́n ń pe afárá náà. Herring yìí ni ṣáwá tí à ń rà lọ́jà. Òun ló sọ ìlú yẹn di olókìkí láyé àtijọ́. Ni mo bá sọ tèmi ní Afárá Ṣáwá. Nígbà tí wọ́n ń kọ́ tiwọn lọ́wọ́, ní 2023, wọ́n rí bọ́ǹbù ogun àgbáyé kejì níbi iṣẹ́, ó sì bú mọ́ wọn lọ́wọ́ níbi tí wọ́n ti ń tú u. Ọlọ́run yọ wọ́n, ẹnikẹ́ni ò farapa. Wàhálà tèmi ò ju ikán lọ, inú plywood àkọ́kọ́ tí mo rà ni mo ti bá wọn.

Mo gé apá méjì, ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ ṣẹ̀ǹtímítà 60 síwájú ọ̀pá irin tó ń yí lé lórí. Mo ṣẹ́ ìdí kù sẹ́yìn ọ̀pá náà, ṣẹ̀ǹtímítà 15. Ìdí yìí ni gbogbo iṣẹ́ wà. Àwọn èèyàn rò pé agbára ẹ̀rọ ló ń gbé irú afárá yìí. Irọ́ ni, jangilọ́fà ni. Ọmọ tó sanra tó jókòó nítòsí àárín máa ń bá ọmọ tín-ín-rín tó wà lókèèrè dọ́gba. Ẹ̀rọ kàn ń ti ohun tó ti dọ́gba tẹ́lẹ̀ ni.

Apá kọ̀ọ̀kan wọn gíráàmù 1,200 lórí ìwọ̀n ìyá ẹlẹ́ran àdúgbò wa. Àárín ìwúwo rẹ̀ wà ní ṣẹ̀ǹtímítà 30 sí ọ̀pá. 1,200 lọ́nà 30 jẹ́ 36,000. Pín in sí 15, ó di 2,400. Kílò méjì àbọ̀ ó dín díẹ̀ nìyẹn, ìwúwo irin tí mo máa so mọ́ ìdí kọ̀ọ̀kan.

Mo gba ọ̀dọ̀ wẹ́dà kan ní Alẹ́kúwódò lọ.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi gé irin tó tó báyìí."

Ó wo bébà mi títí. "Tísà, ẹ má jẹ́ ká jó o pa. Ẹ jẹ́ ká ṣe é ní àpótí, ká kó nọ́ọ̀tì sínú ẹ̀. Tí ó bá wúwo jù, ẹ ó yọ. Tí ó bá fúyẹ́, ẹ ó fi kún un."

Mo ní rárá, mo ti ṣírò ó. Ó rẹ́rìn-ín, ó jó o pa fún mi.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ìka kan péré ni mo fi ń gbé apá náà. Inú mi dùn, mo kùn ún lọ́dà, mo lẹ sàǹpépà mọ́ ọn bíi ọ̀dà títì, mo fi wáyà ṣe ìdábùú ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Nígbà tó di àárọ̀, kò gbéra mọ́. Mo gbé e padà sórí ìwọ̀n: 1,400. Ọ̀dà àti sàǹpépà ti fi igba gíráàmù kún un, ìdí sì nílò irínwó sí i.

Mo padà sí Alẹ́kúwódò, mo dorí kodò wọlé. Ẹ̀gbọ́n ò sọ nǹkan kan. Wọ́n gé irin náà kúrò, wọ́n sì jó àpótí. Ẹ̀yìn náà ni mo kà pé àwọn tó ń kọ́ ojúlówó ẹ̀ náà máa ń fi àyè sílẹ̀ níbi ìdí, torí pé tí wọ́n bá tún títì orí afárá ṣe, ìwúwo á yí padà. Wẹ́dà mi ò kà á níbì kankan.

Nọ́ọ̀tì tó máa mú un dọ́gba gẹ́lẹ́ kọ́ ni mo kó sí i. Mo dín in díẹ̀, kí imú, ìyẹn iwájú apá, lè wúwo ju ìdí lọ fẹ́ẹ́rẹ́, kí apá lè jókòó dáadáa nígbà tí mọ́tò bá ń gba orí ẹ̀ kọjá. Mo gbé gbogbo ẹ̀ lé àpótí onígi gíga méjì, kí ìdí lè rí ihò wọ̀ nígbà tí imú bá gòkè.

Ṣìrínjì méjì àti ọ̀pá dírípù tí omi kún inú ẹ̀ ló ń ti apá kọ̀ọ̀kan. Lọ́jọ́ tí ọ̀gá ilé-ìwé wá wò ó, apá òsì gòkè, apá ọ̀tún dákẹ́. Afẹ́fẹ́ ló wọ ọ̀pá. Mo tú u, mo fa omi mìíràn sí i, àwọn méjèèjì nàró, ọkọ̀ ojú omi bébà sì gba àárín wọn kọjá nínú agbada omi. Àwọn ọmọ fẹ́rẹ̀ẹ́ wó òrùlé lé wa lórí.

Ó ṣì wà ní kíláàsì mi. Àmọ́ apá òsì ti ń lọ́ra báyìí. Mo ka nọ́ọ̀tì inú ẹ̀, mẹ́rin ò sí níbẹ̀, mo sì mọ ọmọ tó kó o.