Bí A Ṣe Ń Yẹ Ewé Ìbílẹ̀ Wò Láti Mọ Èròjà Inú Rẹ̀ àti Iṣẹ́ Tí Èròjà Náà Ń Ṣe Lára

Akẹ́kọ̀ọ́ àti olùkọ́ sáyẹ́ǹsì tó fẹ́ mọ ohun tó wà nínú ewé tàbí egbò tí àwọn òbí wa fi ń se àgbo ni mo kọ ìtọ́sọ́nà yìí fún. Ewúro ni mo fi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí pé ó wà lẹ́yìnkùlé ọ̀pọ̀ ilé, a sì ń fi í se ọbẹ̀, nítorí náà ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ iṣẹ́ yìí kò ní bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ewé olóró. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ohun kan sọ́kàn kí a tó bẹ̀rẹ̀: bí àwọ̀ bá yí padà nínú túùbù, ohun tó ń sọ fún wa ni pé irú èròjà kan ṣeé ṣe kó wà níbẹ̀. Kò tíì sọ pé ewé náà ń wo àìsàn kankan sàn.

Ẹ kọ́kọ́ mọ orúkọ ewé náà dájú

Orúkọ Yorùbá kan lè jẹ́ ti igi méjì tàbí mẹ́ta, igi kan ṣoṣo sì lè ní orúkọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ láti ìlú kan sí òmíràn. Ewúro tí à ń wí yìí ni àwọn onímọ̀ ń pè ní Vernonia amygdalina, tí àwọn ìwé tuntun sì ń kọ ní Gymnanthemum amygdalinum, ṣùgbọ́n ó ní ìbátan kan, Vernonia colorata, tó jọ ọ́ débi pé ẹni tí kò fara balẹ̀ lè já ọ̀kan dípò èkejì. Nítorí náà, kí ẹ tó já ewé tí ẹ máa lò, ẹ gé ẹ̀ka kan tó ní ewé àti òdòdó, ẹ tẹ́ ẹ sáàárín ìwé ìròyìn gbígbẹ, ẹ gbé ohun tó wúwo lé e, kí ẹ sì máa pààrọ̀ ìwé náà lójoojúmọ́ títí ẹ̀ka náà yóò fi gbẹ. Ẹ kọ déètì, ibi tí ẹ ti gé e, bí igi náà ṣe ga tó àti àwọ̀ òdòdó rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé e lọ sí Forest Herbarium Ibadan, tó wà ní ọgbà àjọ ìwádìí igbó ní Ìbàdàn, tàbí sí ilé àkójọ ewéko yunifásítì tó bá sún mọ́ yín, kí wọ́n lè fìdí orúkọ rẹ̀ múlẹ̀ kí wọ́n sì fún un ní nọ́ńbà. Nọ́ńbà yẹn ni ẹlòmíràn yóò fi lè yẹ iṣẹ́ yín wò ní ogún ọdún sí i. Ìdí nìyí tí n kì í fi í gba ìyẹ̀fun ewé tí wọ́n ti lọ̀ lọ́jà lọ́wọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi, nítorí pé kò sí ẹni tó lè wo ìyẹ̀fun lójú kó sì mọ igi tó ti wá.

Bó bá jẹ́ pé ẹlẹ́wẹ́ ọmọ tàbí baba oníṣègùn kan ló fi ewé náà hàn yín, ẹ tọrọ àyè lọ́wọ́ wọn kí ẹ tó kọ ìmọ̀ wọn sílẹ̀, ẹ kọ orúkọ wọn mọ́ iṣẹ́ náà bí wọ́n bá fẹ́ bẹ́ẹ̀, kí ẹ sì béèrè apá ibi tí wọ́n ń lò lára igi náà, àsìkò tí wọ́n ń já a, àti ohun tí wọ́n fi ń rẹ ẹ́. Ìbéèrè ìkẹyìn yìí wúlò ju bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe rò lọ, a ó sì rí ìdí rẹ̀ láìpẹ́.

Gbígbẹ àti lílọ̀

Ẹ fi omi ṣan ewé náà kíákíá, ẹ má fún un. Ẹni tó bá bo ewúro lọ́wọ́ bí ìgbà tí à ń fọ̀ ọ́ fún ọbẹ̀ ti da apá kan èròjà tó fẹ́ yẹ̀ wò dànù sínú omi. Ẹ sá a sí abẹ́ ìbòòji tí atẹ́gùn ń gbà kọjá, kì í ṣe sínú oòrùn, nítorí pé ìmọ́lẹ̀ àti ooru ń ba àwọn èròjà kan jẹ́, òróró olóòórùn tó wà nínú irú ewé bí ẹfinrin sì máa ń fò lọ. Bí ewé bá ti ń rún wómúwómú lọ́wọ́, ó ti gbẹ tó. Ẹ lọ̀ ọ́, ẹ wọ̀n ọ́n, kí ẹ sì rọ ọ́ sínú ìgò tó ní ìdérí.

Yíyọ èròjà jáde

Èròjà tó fẹ́ràn omi ń tẹ̀ lé omi, èyí tó fẹ́ràn òróró ń sá fún un. Hexane, olómi kan tí kì í pò mọ́ omi, máa ń fa ọ̀rá àti òróró jáde, omi máa ń fa ṣúgà, tannin (èròjà tó ń mú kí ẹnu ká kò) àti saponin (èròjà tó ń hó bí ọṣẹ), ọtí ethanol tí a bu omi díẹ̀ là sì wà láàárín wọn, ìdí nìyí tí a fi máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Ẹ rẹ 100 gíráàmù ìyẹ̀fun sínú lítà kan ethanol tí agbára rẹ̀ jẹ́ 70 nínú ọgọ́rùn-ún, ẹ máa mì ín lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan fún ọjọ́ mẹ́ta, ẹ sẹ́ ẹ, kí ẹ sì fi ooru tí kò ju 40°C lọ gbẹ ẹ́. Ethanol ń gbaná, ẹ má gbé e sún mọ́ iná rárá. Ẹ má sì lo methanol nínú iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni lè tọ́ wò, nítorí pé ó ń fọ́ni lójú, ó sì ń pani. Bí ohun tó kù bá wọn 12 gíráàmù, 12 nínú ọgọ́rùn-ún ni ẹ rí gbà. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí omidùn, ìyẹn omi orí ògì tó ti kan, tí ọ̀pọ̀ alágbo fi ń rẹ egbò. Àwọn alkaloid, ìyẹn èròjà ewéko tó ní nitrogen nínú, tó sì sábà máa ń korò, kì í yọ́ dáadáa nínú omi lásán, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá pàdé ásíìdì, wọ́n á di iyọ̀, iyọ̀ náà á sì yọ́ sínú omi. Ásíìdì lactic wà nínú omidùn. Ẹni tó kọ́kọ́ fi omidùn rẹ egbò kò ní ìwé kẹ́místrì lọ́wọ́, síbẹ̀ ìgbésẹ̀ kan náà ni a ń gbé ní yàrá àyẹ̀wò nígbà tí a bá fi ásíìdì fa alkaloid jáde. Bí ẹ bá fẹ́ mọ ohun tí àgbo kan ń ṣe, ohun tí alágbo fi rẹ ẹ́ gan-an ni kí ẹ fi rẹ tiyín pẹ̀lú, yàtọ̀ sí ethanol.

Àwọn àyẹ̀wò inú túùbù

Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ àti awò ìdáàbòbò, kí olùkọ́ sì wà níbẹ̀. Fún gbogbo àyẹ̀wò, ẹ ṣe túùbù mẹ́ta: ọ̀kan fún ewé yín, ọ̀kan fún ohun tí ẹ mọ̀ dájú pé èròjà náà wà nínú rẹ̀, ọ̀kan fún omi tàbí ọtí lásán. Láìsí méjì ìkẹyìn yìí, àbájáde yín kò dúró.

Saponin ló rọrùn jù. Ẹ fi ìdajì gíráàmù ìyẹ̀fun sínú mìlílítà 10 omi, ẹ mì ín gidigidi fún ìdajì ìṣẹ́jú, kí ẹ sì gbé e kalẹ̀. Bí ìfófòó bá ṣì wà lórí rẹ̀ lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15, saponin ṣeé ṣe kó wà níbẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá ti fọ ewúro rí ti rí ìfófòó yìí. Ti tannin, ẹ se ìyẹ̀fun nínú omi, ẹ sẹ́ ẹ, kí ẹ kán ferric chloride díẹ̀ sí i, yóò sì di dúdú aláwọ̀ búlúù tàbí dúdú aláwọ̀ ewé. Ti flavonoid, ìyẹn ìdílé èròjà ewéko tí ọ̀pọ̀ wọn ní àwọ̀ yẹ́lò, sodium hydroxide yóò sọ omi náà di yẹ́lò, ásíìdì yóò sì pa yẹ́lò náà rẹ́. Luteolin jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn flavonoid tí wọ́n ti rí nínú ewé ewúro. Àwọ̀ ewé tútù lè bo àwọn àmì wọ̀nyí mọ́lẹ̀, nítorí náà ó dára kí ẹ kọ́kọ́ fi hexane fọ ìyẹ̀fun náà.

Àyẹ̀wò alkaloid ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń ṣìṣe sí jù. Ẹ fi ásíìdì hydrochloric tí omi ti pọ̀ nínú rẹ̀ rẹ ìyẹ̀fun náà nínú ooru díẹ̀, ẹ sẹ́ ẹ, kí ẹ kán èròjà Dragendorff sí apá kan, kí ẹ kán ti Mayer sí òmíràn (olómi àyẹ̀wò alkaloid ni méjèèjì). Èkínní á fún yín ní gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ aláwọ̀ ọsàn, èkejì á fún yín ní funfun. Ẹ má kọ "alkaloid wà" síbẹ̀, nítorí pé pùrótéènì náà lè fa gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀. Ẹ bu ammonia sí èyí tó kù títí ásíìdì rẹ̀ yóò fi tán, ẹ fi chloroform mì ín pọ̀, ẹ yọ chloroform náà sọ́tọ̀, ẹ fi ásíìdì tuntun fa alkaloid kúrò nínú rẹ̀, kí ẹ sì tún un yẹ̀ wò. Bí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ bá tún jáde, a lè sọ̀rọ̀.

Láti túùbù dé inú ara

Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ewé náà ń pa kòkòrò àìfojúrí, iṣẹ́ yàrá àyẹ̀wò tó ní ètò ààbò fún kòkòrò ni, kì í ṣe ti kíláàsì lásán. Ìṣirò rẹ̀ ni mo fẹ́ kí ẹ mọ̀. Bí omi ewé bá ní mìlígíráàmù 10 nínú mìlílítà kan, tí ẹ sì bu ìdá kan nínú mẹ́wàá mìlílítà sínú ihò tí ẹ gbẹ́ sínú agar, ohun dídì tí a ń gbin kòkòrò sí, mìlígíráàmù kan ni ẹ fi síbẹ̀, ìyẹn 1,000 màíkírógíráàmù. Ciprofloxacin, oògùn apakòkòrò tí wọ́n fi ń ṣe àfiwé lórí bébà kékeré, jẹ́ màíkírógíráàmù 5. Bí ibi tí kòkòrò kò ti hù lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì bá tóbi bákan náà, ìlọ́po igba ni ewé yín fi pọ̀ jù ú lọ, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ kọ ọ́ pé wọ́n "lágbára bákan náà."

Apá ibi tí a lò tún ń pinnu nǹkan. Lọ́dún 1987, ní òkè Mahale ní Tanzania, Michael Huffman tó ń ṣe ìwádìí lórí ìnàkí àti Mohamedi Seifu Kalunde tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ rí ìnàkí chimpanzee kan tó ń ṣàìsàn, tó ń jẹ mùdùnmúdùn ọ̀dọ́ ẹ̀ka ewúro, tó ń fa omi kíkorò rẹ̀ mu, tó sì ń da ewé àti èèpo rẹ̀ nù. Nígbà tó fi di ọjọ́ kejì, ara rẹ̀ ti ń yá. Nígbà tí àwọn onímọ̀ yẹ igi náà wò, wọ́n rí i pé èròjà kan tó ń jẹ́ vernonioside B1 wà nínú mùdùnmúdùn náà, àti pé òmíràn tó ń jẹ́ vernodalin, tó lè ṣe eku ní jàǹbá, pọ̀ nínú ewé àti èèpo jù. Vernodalin yìí kan náà ni onímọ̀ kẹ́místrì Kupchan àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà yọ jáde lọ́dún 1969, tí wọ́n sì rí i pé ó ń pa sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ nínú àyẹ̀wò. Ó ń so mọ́ sulfur tó wà lára pùrótéènì, kì í sì í yan sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ nìkan láti so mọ́. Ohun tó lè pa sẹ́ẹ̀lì burúkú lè pa rere.

Ẹ wo asofẹ́yẹjẹ, Rauvolfia vomitoria, tí àwọn baba wa fi egbò rẹ̀ tọ́jú wèrè. Reserpine wà nínú rẹ̀, èròjà tí wọ́n kọ́kọ́ yọ jáde lọ́dún 1952 láti ara ìbátan rẹ̀ ti Íńdíà. Kì í jẹ́ kí iṣan ọpọlọ lè tọ́jú dopamine, noradrenaline àti serotonin, àwọn èròjà tí iṣan fi ń ránṣẹ́ síra, pamọ́, nítorí náà ó ń mú ọkàn tó ń ru rọlẹ̀, ó sì ń mú ẹ̀jẹ̀ ríru wálẹ̀, ṣùgbọ́n ó lè mú kí ìbànújẹ́ ọkàn bo ènìyàn. Ìdámẹ́rin mìlígíráàmù lójúmọ́ tó fún aláìsàn kan láti ara oògùn onítábílẹ́ẹ̀tì. Kò sí bí ojú ṣe lè fi egbò wọn ìyẹn, nítorí náà ẹ má fún ẹnikẹ́ni ní ohun tí ẹ yọ jáde mu, bó ti wù kí àyẹ̀wò yín dára tó.

Nígbà tí ẹ bá kọ àbájáde yín tán, ẹ gbé e padà lọ fún ẹlẹ́wẹ́ ọmọ tó fi ewé náà hàn yín, kí ẹ sọ fún un ní Yorùbá tó yé e: ohun tí ẹ rí, apá ibi tí ẹ ti rí i, àti ohun tí ẹ kò rí. Kí ẹ wá béèrè bóyá òun máa ń fọ ewé náà kí òun tó gún un, nítorí pé ìdáhùn rẹ̀ lè mú kí ẹ tún àyẹ̀wò saponin ṣe látìbẹ̀rẹ̀.