Bí Mo Ṣe Dá Big Daddy Mi Padà sí Gíga Tí Wọ́n Ṣe É Mọ́

Bí mo bá ti gun bọ́ǹpù ẹnu géètì àdúgbò wa ní Kubwa, ohùn kan á dún lábẹ́ mọ́tò: "gbọ̀, gbọ̀." Mo kọ́kọ́ rò pé jáàkì ló ń yí kiri nínú búùtù. Mo gbé jáàkì kúrò, ohùn náà kò lọ. Camry 2004 ni mọ́tò ọ̀hún, èyí tí gbogbo wa ń pè ní Big Daddy, ẹ́ńjìnnì 2.4, òun ló sì ń gbé wa lọ sí Ìlọrin ní gbogbo ọdún iléyá. Nígbà tó yá, kì í ṣe ohùn nìkan mọ́. Bí táyà bá bọ́ sí kòtò kan, mọ́tò á fò sókè, á fò sódò, á tún fò lẹ́ẹ̀kan sí i kó tó dúró. Ìyá mi ni ọ̀rọ̀ náà kọ́kọ́ sú. Nígbà tí mo ń gbé wọn bọ̀ láti Ìlọrin, tí a dé Lọ́kọ́ja, wọ́n ní, "Ọkọ mi, dákun jẹ́ ká sọ̀ kalẹ̀ fúngbà díẹ̀, ìbàdí mi ti fẹ́ já." Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára gan-an.

Ọdún méjì ṣáájú ni wàhálà náà ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yìn mọ́tò ń wọlẹ̀ bí a bá kó ẹrù sí i, mo bá gbé e lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì kan. Kò wo sípíríǹgì, kò wo ṣọ́ọ̀kì. Ó ki rọ́bà líle bọ àárín ìká sípíríǹgì ẹ̀yìn méjèèjì, ó gbowó, ó ní kí n máa lọ. Ẹ̀yìn mọ́tò dìde lóòótọ́, inú mi sì dùn. Àfi bó di alẹ́ ọjọ́ kan tí mo rí i pé iná iwájú kò lọ jìnnà mọ́. Ẹ̀yìn tó ga ti tẹ imú mọ́tò sílẹ̀, iná wá ń tàn sí iwájú ẹsẹ̀ lásán. Táyà ẹ̀yìn ń jẹ ní ẹ̀gbẹ́ kan. Mo pààrọ̀ wọn, àwọn tuntun náà tún ń jẹ bẹ́ẹ̀. N kò mọ̀ pé rọ́bà yẹn ló wà nídìí gbogbo rẹ̀.

Bàbá Ìbejì tó ń gbé lójúlé kejì sí wa ló là mí lóye. Wọ́n ṣe mẹkáníìkì ní Kàdúná fún ọ̀pọ̀ ọdún kí wọ́n tó kó wá sí Kubwa. Wọn kò ní ṣọ́ọ̀bù mọ́, ṣùgbọ́n irinṣẹ́ wọn ṣì pé. Mo lọ bá wọn, mo ní, "Bàbá, mo fẹ́ kí ẹ bá mi gbé mọ́tò yìí sókè díẹ̀ sí i, ilẹ̀ ti ń gbá a nísàlẹ̀."

Wọ́n wò mí títí. "Alájì, àwọn tó ṣe mọ́tò yìí mọ gíga tó yẹ ẹ́. Nǹkan tó ti gbó nínú rẹ̀ ni kí o wá, má wá gíga kún gíga."

Àlàyé tí wọ́n ṣe fún mi nìyí. Sípíríǹgì ló ń gbé ẹrù, òun ló ń pinnu bí mọ́tò ṣe máa ga tó. Ṣọ́ọ̀kì kì í gbé ẹrù. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni pé kó di sípíríǹgì mú kó má bàa fò ju bó ṣe yẹ lọ. Nítorí náà, bí mọ́tò bá ń fò, ṣọ́ọ̀kì ni kí o bi. Bó bá wọlẹ̀, sípíríǹgì ni. Bó bá ń dún gbọ̀gbọ̀, ó lè jẹ́ búùṣì (rọ́bà tó wà láàárín irin méjì níbi oríkèé), línkéèjì (ọ̀pá kékeré tó so àwọn irin abẹ́ mọ́tò pọ̀), tàbí máúńtì orí ṣọ́ọ̀kì (ìjókòó tó so orí ṣọ́ọ̀kì mọ́ ara mọ́tò). Ẹni tó bá ń fi rọ́bà gbé e sókè kò tíì dáhùn èyíkéyìí nínú ìbéèrè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Kí a tó tú nọ́ọ̀tì kan ṣoṣo, a wọn mọ́tò náà. Mo rọ ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ yìí pé kó má fo ibí yìí. A gbé e sórí kọnkéré tó tẹ́jú, a gbé gbogbo ẹrù inú búùtù kúrò, a fún táyà ní afẹ́fẹ́ tó yẹ. Mo yá tépù lọ́wọ́ ìyàwó mi, tẹ́lọ̀ ni wọ́n. Bàbá Ìbejì ní kí n má wọ̀n ọ́n láti ilẹ̀, torí afẹ́fẹ́ táyà àti bí táyà ṣe jẹ tó lè tan èèyàn jẹ. Láti àárín gbùngbùn ojú họ́ọ̀bù, irin tí wọ́n di táyà mọ́, ni kí n ti wọ̀n ọ́n lọ sí etí fẹ́ńdà tó wà lókè rẹ̀ gan-an. Iwájú ọ̀tún jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 37.5, iwájú òsì 37. Ẹ̀yìn òsì 40.5. Ẹ̀yìn ọ̀tún 38. Ó yà mí lẹ́nu pé rọ́bà kan náà ló wà lẹ́yìn méjèèjì, síbẹ̀ ọ̀kan fi sẹ̀ǹtímítà méjì ààbọ̀ kéré sí èkejì.

Báwo la ṣe máa mọ gíga tí wọ́n ṣe é mọ́? Ọ̀rẹ́ mi kan ní mọ́ṣáláṣí wa ní Big Daddy tí ẹnikẹ́ni kò tíì fọwọ́ kan nísàlẹ̀, ẹ́ńjìnnì kan náà, táyà kan náà. Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, mo wọ̀n ọ́n níbẹ̀: iwájú 38.5 ní ọ̀tún òun òsì, ẹ̀yìn 38 géérégé. Mo kọ ọ́ sílẹ̀. Iye yẹn la fi ṣe àmì.

Apo, ibi tí wọ́n ti ń ta páàtì mọ́tò ní Àbújá, la ti ra ọjà. Níbẹ̀ ni mo ti rí i pé èèyàn lè ra nǹkan tuntun kó sì ba gíga mọ́tò jẹ́ láìmọ̀. Sípíríǹgì iwájú tí wọ́n kọ́kọ́ gbé fún wa, ti ẹ́ńjìnnì V6 ni. Ẹ́ńjìnnì yẹn wúwo ju tèmi lọ, nítorí náà sípíríǹgì rẹ̀ le ju, ìbá sì gbé imú mọ́tò mi sókè. Bàbá Ìbejì ti sọ fún mi pé kí n mú sípíríǹgì àtijọ́ kan dání. A kò tíì tú tiwa nígbà yẹn, ni mo bá yá èyí tó wà nínú ilé mẹkáníìkì kan nítòsí, tó bá ẹ́ńjìnnì 2.4 mu. Wọ́n gbé méjèèjì kalẹ̀, wọ́n ka ìká rẹ̀, wọ́n fi ìka ọwọ́ di irin mú láti mọ bó ṣe nípọn tó. Ti V6 nípọn jù. Wọ́n dá a padà.

Ti ṣọ́ọ̀kì tún jinlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lára ṣọ́ọ̀kì Camry, àwo irin kan wà tí wọ́n jó mọ́ ara rẹ̀, orí àwo yẹn ni ìdí sípíríǹgì jókòó lé. Bí ẹni tó ṣe ayédèrú bá jó àwo yẹn ga ju bó ṣe yẹ lọ, mọ́tò á ga, bí sípíríǹgì tilẹ̀ jẹ́ ojúlówó. A wọn ṣọ́ọ̀kì mẹ́ta láti ihò bóòtì ìsàlẹ̀ dé etí àwo. Ọ̀kan yàtọ̀ sí àwọn méjì yòókù, ó fẹ́ẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà kan. Ẹni tó ń tajà ní kò sí ìyàtọ̀ níbẹ̀. A fi í sílẹ̀ fún un. Ṣọ́ọ̀kì tuntun mẹ́rin la rà, a kò ra tòkunbọ̀, torí ẹnikẹ́ni kò mọ iye kòtò tí tòkunbọ̀ ti jẹ lókè òkun. Sípíríǹgì mẹ́rin, máúńtì mẹ́rin, línkéèjì àti búùṣì lówà áàmù iwájú (irin ìsàlẹ̀ tó di họ́ọ̀bù mú mọ́ abẹ́ mọ́tò). Méjì méjì la máa ń pààrọ̀ wọn, ọ̀tún pẹ̀lú òsì. Bí ọ̀kan bá jẹ́ tuntun tí èkejì gbó, mọ́tò á tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan.

Lọ́jọ́ Sátidé la bẹ̀rẹ̀. Ẹsẹ̀ irin la gbé mọ́tò lé, a kò fi jáàkì nìkan ṣe é. Bàbá Ìbejì fi ẹfun sàmì sí ibi tí bóòtì ìsàlẹ̀ ti di họ́ọ̀bù mú, wọ́n fi okùn so họ́ọ̀bù kó má bàa fi rọ́bà bíréèkì rọ̀. Nọ́ọ̀tì mẹ́ta ló wà lókè níwájú. Ti ẹ̀yìn, a ní láti tú àga àti pákó ẹ̀yìn rẹ̀ ká tó dé ibẹ̀.

Nígbà tí ṣọ́ọ̀kì ẹ̀yìn ọ̀tún jáde, a rí ìdí tí ẹ̀gbẹ́ yẹn fi kéré. Ìká ìsàlẹ̀ sípíríǹgì ti ṣẹ́. Ojú ibi tó ti ṣẹ́ pọ́n fún ìpẹtà ní apá kan, apá kejì ń dán bí irin tuntun, bí ẹni pé ó ti sán láti ọjọ́ pípẹ́ kó tó já pátápátá. Bàbá Ìbejì ní rọ́bà tí wọ́n kì bọ̀ ọ́ kò jẹ́ kí ìká méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ṣiṣẹ́, àwọn tó kù ló ń ru gbogbo ẹrù. Mo mú rọ́bà náà, mo sọ ọ́ sínú garawa ìdọ̀tí.

Kí ẹnikẹ́ni má fi sípíríǹgì ṣeré. Nígbà tó bá wà lára ṣọ́ọ̀kì, agbára ńlá ló wà nínú rẹ̀, ó lè pa èèyàn bí wọ́n bá tú nọ́ọ̀tì àárín láì kọ́kọ́ dì í. Irin ìdìmú méjì ni a fi mú un, ọ̀kan kọjú sí èkejì, a ń yí wọn díẹ̀díẹ̀ ní ìdọ́gba títí sípíríǹgì fi kúrò lára àwo. Nígbà tí a ń tò ó padà, a rí i pé ẹnu ìká ìsàlẹ̀ wọ inú àyè rẹ̀ lórí àwo. Bí kò bá wọ ibẹ̀, gíga á yàtọ̀, á sì tún máa dún.

Búùṣì lówà áàmù ló gba àkókò jù. Ti àtijọ́, mo fi àtàǹpàkò tẹ rọ́bà rẹ̀, ó là sí méjì bí èso tó ti gbẹ. Òun gan-an ló ń dún gbọ̀gbọ̀. A tẹ tuntun wọlé, a ki bóòtì bọ̀ ọ́, mo sì fẹ́ fi sípánà dì í pa. Bàbá Ìbejì di ọwọ́ mi mú. "Dúró, Alájì. Mọ́tò ṣì wà lókè."

Mo ń ronú lórí ohun tí wọ́n sọ lẹ́yìn náà di òní. Rọ́bà inú búùṣì lẹ̀ mọ́ irin inú àti irin ìta. Bí o bá di bóòtì pa nígbà tí áàmù rọ̀ sílẹ̀, ibẹ̀ ni rọ́bà gbà sí ilé. Nígbà tí mọ́tò bá wá sọ̀ kalẹ̀, rọ́bà á lọ́ pọ̀, á máa fà padà ní gbogbo ìgbà. Ìyẹn á gbé mọ́tò sókè díẹ̀, ká sì tó wí ká tó fọ̀, rọ́bà á ti ya. Nítorí náà a fi ọwọ́ di àwọn bóòtì náà lásán, a wọ táyà, a gbé mọ́tò sọ̀ kalẹ̀ sórí pákó nípọn mẹ́rin kí àyè lè wà lábẹ́ rẹ̀. Mo tẹ igun kọ̀ọ̀kan mọ́lẹ̀ ní ìgbà mẹ́ta, mẹ́rin. Ìgbà tí mọ́tò jókòó ní ìjókòó rẹ̀ ni Bàbá Ìbejì tó wọ abẹ́ rẹ̀, tí wọ́n di gbogbo bóòtì búùṣì pa.

Mo tún fa tépù. Iwájú 39 àti 39, ẹ̀yìn 38.5 ní òsì, 38.4 ní ọ̀tún. Mo ní ó ga ju ti ọ̀rẹ́ mi lọ. Wọ́n ní sípíríǹgì tuntun ni, yóò jókòó.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè mo gbé e lọ ṣe aláímẹ́ǹtì, torí àwọn bóòtì ìsàlẹ̀ ṣọ́ọ̀kì tí a tú ti yí ìdúró táyà padà, bó ti wù kí àmì tí a fi sí i dára tó. Ojú ìwé tí wọ́n tẹ̀ fún mi fi hàn pé ó yà díẹ̀ níwájú, wọ́n sì tún un ṣe. Alẹ́ ọjọ́ yẹn, iná mi tún tàn débi tó yẹ lójú ọ̀nà.

A gbé ìyá mi padà sí Ìlọrin lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Nígbà tí a kọjá Lọ́kọ́ja, mo wo ẹ̀yìn nínú dígí. Wọ́n ti sùn, tẹ̀sùbáà wà lórí itan wọn. Nígbà tí mo padà dé Kubwa, mo tún fa tépù: iwájú 38.5 àti 38.6, ẹ̀yìn 38 ní méjèèjì.