Ọ̀sẹ̀ Mẹ́sàn-án Tí Mo Fi Ya Ọ̀rọ̀ Dípò Ilé

Ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án gbáko ni mo fi ya yàrá ìkàwé kan tí ẹnikẹ́ni kò lè jókòó kàwé nínú rẹ̀. Lọ́jọ́ tí mo gbé e síwájú ìgbìmọ̀ tó ń yẹ iṣẹ́ àwa tó ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń ya ilé wò, kò gbà wọ́n ju ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ kí wọ́n tó dá a padà. Bí mo bá rántí, inú mi ṣì ń ru, torí mi ò ṣe ọ̀lẹ. Mo kàwé débi pé ojú ń ro mí. Ohun tó dùn mí jù ni pé kò sẹ́ni tó sọ fún wa bí èèyàn ṣe ń mú èrò àwọn onífìlọ́sọ́fì kúrò nínú ìwé wọ inú ògiri. Wọ́n kàn kọ ọ́ sórí ìwé iṣẹ́ pé kí ilé náà "dúró lórí èrò ìjìnlẹ̀ kan", wọ́n sì yí ẹ̀yìn padà. Ìdí nìyí tí mo fi jókòó kọ èyí.

Iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ kò le. Yàrá ìkàwé kékeré, fún ogún èèyàn, ilé tí kò ní òkè. Wíwọn ilẹ̀, mímọ ibi tí oòrùn ti ń yọ àti ibi tó ń wọ̀ sí, ṣíṣírò iye pẹpẹ ìwé tí yóò gbà: ẹni tó bá ti ya ilé rí mọ gbogbo ìyẹn. Mi ò ní dúró lórí rẹ̀.

Derrida, onífìlọ́sọ́fì ará Faransé, ni mo lọ mú. Mo sì mú un torí pé àwọn ilé tí wọ́n máa ń dárúkọ rẹ̀ mọ́ wù mí lójú. Ní àwọn ọdún 1980, Bernard Tschumi, ẹni tó borí nínú ìdíje láti ya ọgbà La Villette nílùú Paris, pe Jacques Derrida àti ayàwòrán-ilé Peter Eisenman pé kí wọ́n jọ ya ọgbà kékeré kan síbẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan tí Plato, onífìlọ́sọ́fì Gíríìkì àtijọ́, lò, khôra, ni wọ́n gbé kalẹ̀ láàárín ara wọn: àyè tó ń gba ohun gbogbo mọ́ra, tí òun fúnra rẹ̀ kò sì ní ìrísí kankan. Wọn ò kọ́ ọgbà yẹn rárá, ìwé ló padà dà. Nígbà tó di 1988, ilé ọnà MoMA ní New York pàtẹ iṣẹ́ ayàwòrán-ilé méje pọ̀. Zaha Hadid wà níbẹ̀, Frank Gehry wà níbẹ̀, Daniel Libeskind náà wà níbẹ̀. Igun tó mú bí abẹ, ògiri tó dà bí ẹni fẹ́ ṣubú. Mo wò wọ́n títí tí mi ò fi rí nǹkan mìíràn mọ́.

Ohun tí Derrida ń sọ kò rọrùn. Bí mo ṣe lóye rẹ̀ ni pé gbogbo ọ̀rọ̀ tí a bá kọ ló ní ohun kan tó tì sẹ́yìn, ohun tó tì sẹ́yìn yẹn gan-an ló sì fẹ̀yìn tì. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ ọ́n gbọ́dọ̀ fi sùúrù kà á. Kí ni èmi wá fi ṣe? Ògiri wíwọ́ ni mo fi ṣe. Mo tẹ ògiri méjì ní dígírì 12, mo la ilẹ̀ yàrá sí méjì, mo sì gbé òpó kan kọ́ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò kanlẹ̀. Òpó yẹn, ọ̀dọ̀ Eisenman ni mo ti rí i. Ní ilé tí wọ́n ń pè ní House VI, ní Connecticut lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, èyí tí wọ́n parí ní 1975, òpó kan wà tí kò kan ilẹ̀, àtẹ̀gùn kan dorí kodò lókè tí kò sẹ́ni tó lè gùn ún, àlàfo tẹ́ẹ́rẹ́ sì la ilẹ̀ yàrá tọkọtaya kọjá débi pé wọn ò lè jọ sùn lórí ibùsùn kan náà níbẹ̀. Èèyàn lè kórìíra ilé yẹn, ṣùgbọ́n ìbéèrè gidi ló ń béèrè: ṣé ohun tó gbé ilé ró la fi ń mọ òpó, àbí ohun tí ojú wa ti mọ̀ sí òpó? Tèmi kò béèrè nǹkan kan. Àwòkọ ni.

Ìyá kan wà nínú ìgbìmọ̀ náà tó fi ìka lé orí puláànù mi. "Ọmọ mi, ìwé máa dúró báwo lára ògiri tó tẹ̀ yìí?" Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé Derrida. Ó dúró dè mí kí n parí, ó wá tún béèrè pé, "Ẹni tó bá jókòó síbí, kí ni ojú rẹ̀ ń wò?" Ẹnu mi wọ́. Ẹni tó jókòó tì í ló sọ èyí tó wọ̀ mí lára jù: "Èyí kì í ṣe èrò. Àwòrán èrò ni." Wọ́n ká ìwé mi, wọ́n dá a padà, wọ́n fún mi ní ọ̀sẹ̀ méje.

Ọjọ́ mẹ́rin ni mi ò fọwọ́ kan pẹ́ńsù, inú ló ń bí mi. Mo ṣì gbà pé ó yẹ kí wọ́n ti sọ gbolóhùn yẹn fún wa ní ọ̀sẹ̀ kìíní.

Wittgenstein ló gbé mi dìde. Onífìlọ́sọ́fì ni, ṣùgbọ́n láàárín 1926 sí 1928, òun àti ayàwòrán-ilé Paul Engelmann kọ́ ilé kan ní Vienna fún Margarethe, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin. Mo ń wá ibi tó ti kọ èrò rẹ̀ sára ilé yẹn, mi ò rí i. Kò sí ọ̀ṣọ́, kò sí àmì. Ohun tó wà níbẹ̀ ni ìmúlẹ̀kùn tó jókòó sí àyè rẹ̀ gẹ́ẹ́, fèrèsé tó gùn tẹ́ẹ́rẹ́, àti irin amúlégbóná tí wọ́n ṣe lákànṣe kó lè wọ igun rẹ̀. Nígbà tí ilé sì fẹ́rẹ̀ẹ́ parí, ó ní kí wọ́n gbé àjà yàrá ńlá kan sókè sí i ní mìlímítà 30. Mo ka gbolóhùn yẹn lẹ́ẹ̀mẹta. Gbogbo bí ó ṣe ń fi ọ̀rọ̀ wọn òtítọ́ nínú ìwé, ó wà nínú mìlímítà 30 yẹn. Èmi sì ti fi dígírì 12 ba ògiri jẹ́ láìní ìdí.

Lẹ́yìn náà ni mo ka ọ̀rọ̀ tí Heidegger, onífìlọ́sọ́fì ará Jámánì, bá àwọn ayàwòrán-ilé àti ẹnjiníà sọ ní Darmstadt ní 1951, nígbà tí ilé ṣì ń wọ́n àwọn ará Jámánì lẹ́yìn ogun. Ó ní kì í ṣe torí pé a kọ́lé la ṣe ń gbé. Torí pé a jẹ́ ẹni tó ń gbé la ṣe ń kọ́lé. Ó tọ ọ̀rọ̀ Jámánì tó túmọ̀ sí kíkọ́lé lọ sí ayé àtijọ́, ó sì bá gbígbé níbẹ̀. Mo gbé ìwé sílẹ̀, mo gbọ́ èdè tèmi létí: a ń kọ́ ilé, a ń kọ́ ẹ̀kọ́. A ń gbé inú ilé, a sì ń gbé ọmọ. Kì í ṣe gbòǹgbò ọ̀rọ̀ ni mò ń wá, ohun tí etí mi gbọ́ ni: bí ilé bá máa gbé ẹni, ibo lara rẹ̀ ni yóò ti dì í mú? Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo ní ìbéèrè tí mo lè yà. (Heidegger wọ ẹgbẹ́ Nazi ní 1933, kò sì yẹ ká fi bò. Níbi tó bá ti ń yin ilẹ̀ baba ẹni àti ìgbésí ayé àwọn àgbẹ̀ inú igbó, ojú kan ni mo fi ń kà á, mo fi èkejì ṣọ́ ọ.)

Merleau-Ponty, onífìlọ́sọ́fì ará Faransé, ló fún mi ní ìyókù. Ohun tó kọ ní 1945 ni pé ara wa kò wà nínú àyè bí àpótí ṣe wà nínú yàrá. Ara yìí ni a fi ní àyè rárá. Mo wá kọ ìbéèrè kan sí ara ògiri yàrá mi: kí ni ẹni tó ń kàwé ń fi ara rẹ̀ ṣe? Ó ń tẹ orí ba. Ó ń wá ohun tó máa fẹ̀yìn tì. Ó ń yí ìwé síhìn-ín sọ́hùn-ún kí ìmọ́lẹ̀ lè bọ́ sí i. Louis Kahn, tó ya ilé ìkàwé Exeter ní Amẹ́ríkà, gbà pé ibẹ̀ ni ilé ìkàwé ti bẹ̀rẹ̀: èèyàn mú ìwé, ó sì lọ síbi ìmọ́lẹ̀. Mo pinnu pé ìjókòó ojú fèrèsé ni gbogbo ilé mi máa jẹ́, ìyókù á tẹ̀lé e.

Ìjókòó yẹn jẹ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nínú méje.

Mo kọ́kọ́ fi ìsàlẹ̀ fèrèsé sí sẹ̀ńtímítà 120, kí ìwé lè wà lábẹ́ rẹ̀. Àwòrán tó jáde nínú kọ̀ǹpútà dára débi pé mo fi han gbogbo ẹni tó bá kọjá. Odidi ọ̀sẹ̀ kan ni mo fi ń to pẹpẹ, tí mo ń yan igi, kí n tó rí i pé ojú kámẹ́rà inú kọ̀ǹpútà wà ní sẹ̀ńtímítà 165. Ojú ẹni tó dúró nìyẹn! Mo sọ ọ́ kalẹ̀ sí 115, níbi tí ojú ẹni tó jókòó sábà máa ń wà, fèrèsé mi sì pòórá. Ògiri lásán ló kù. Ọ̀sẹ̀ kan lọ bẹ́ẹ̀, torí nọ́ńbà kan tí ẹ̀rọ ti yàn fún mi tí mi ò bi í léèrè.

Mo wá rẹ fèrèsé sílẹ̀ títí ìsàlẹ̀ rẹ̀ fi di ìjókòó fúnra rẹ̀, sẹ̀ńtímítà 45 sílẹ̀. Ìta hàn, ṣùgbọ́n oòrùn bọ́ lójú ìwé, ojú ewé funfun náà ń ta yẹ̀ẹ̀. Mo yí ìjókòó ní ẹ̀gbẹ́, kí ẹni tó ń kàwé fẹ̀yìn ti inú ògiri, kí ìmọ́lẹ̀ máa ti èjìká wọlé. Èyí gba kí ògiri nípọn tó sẹ̀ńtímítà 60. Ẹgbẹ́ mi tó ń bá mi ṣírò agbára ilé kọ̀ jálẹ̀. Ó ní kọnkéré rẹpẹtẹ tí kò gbé ohunkóhun ró, àṣedànù ni. A bá ara wa jiyàn fún ọjọ́ mẹ́ta, òun ló sì jàre. Ní alẹ́ ọjọ́ kẹta ni mo rí i: kí ògiri jẹ́ méjì tó tẹ́ẹ́rẹ́, kí ìwé kún àárín wọn. Ìwé ni yóò fún ògiri ní ìnípọn, ìjókòó á sì wà nínú ìnípọn yẹn. Mo fò sókè nínú yàrá. Ìdáhùn ìbéèrè mi nìyẹn. Ìwé ló di òǹkàwé mú.

Kò tíì tán. Mo fi páálí kan ìjókòó náà ní ìwọ̀n gidi, mo sì jókòó sínú rẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, láti àárọ̀ títí ilẹ̀ fi ń ṣú. Ara mi sọ ohun tí àwòrán kò sọ. Ìgbọ̀nwọ́ kò ní ibi ìsinmi. Orí ni ń lọ́ mi, torí àjà kótópó náà kò ju sẹ̀ńtímítà 110 lọ sí orí ìjókòó. Mo gbé e sókè díẹ̀díẹ̀, sẹ̀ńtímítà méjì-méjì. Nígbà tó dé 122, èjìká mi sọ̀ kalẹ̀ fúnra rẹ̀. Mo rántí mìlímítà 30 Wittgenstein, omi sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lójú mi.

Ohun kékeré kan tí mo yí padà láìjáfara: tábìlì olùtọ́jú ìwé. Àárín gbùngbùn ni mo fi sí tẹ́lẹ̀, kó lè rí gbogbo èèyàn. Mo rántí ẹ̀wọ̀n roboto tí Jeremy Bentham, onífìlọ́sọ́fì ará Gẹ̀ẹ́sì, gbé jáde ní 1791, níbi tí ẹ̀ṣọ́ kan ti lè rí gbogbo ẹlẹ́wọ̀n tí wọn ò sì rí òun, àti bí Foucault, onífìlọ́sọ́fì ará Faransé, ṣe fi hàn ní 1975 pé ẹni tó bá mọ̀ pé wọ́n lè máa wo òun yóò máa ṣọ́ ara rẹ̀. Mo gbé tábìlì náà lọ sí ẹ̀gbẹ́ ẹnu ọ̀nà. Ẹni tó ń kàwé kò nílò ẹ̀ṣọ́.

Bí wọ́n bá tún gbé irú iṣẹ́ yìí fún mi, mi ò ní fi orúkọ onífìlọ́sọ́fì bẹ̀rẹ̀. Ohun tí èèyàn máa ṣe níbẹ̀ ni màá kọ́kọ́ kọ sílẹ̀, jíjókòó, títẹríba, dídúró deni, kí n tó wá ẹni tó ti ronú jinlẹ̀ lórí rẹ̀. Màá fi kámẹ́rà sí 115 ní ọjọ́ kìíní. Màá tètè wá páálí. Mi ò sì ní mú Derrida nítorí ìrísí mọ́, torí nígbà tí mo wá padà kà á dáadáa, mo rí lẹ́tà tó kọ sí Eisenman lẹ́yìn iṣẹ́ ọgbà yẹn. Òṣì àti àìnílélórí wà lára ohun tó ń bi í léèrè nínú rẹ̀, kí ni ilé rẹ̀ ní í ṣe pẹ̀lú wọn. Ọkùnrin tí mo fi orúkọ rẹ̀ tẹ ògiri ti béèrè ohun tí ìyá inú ìgbìmọ̀ béèrè lọ́wọ́ mi.

Lọ́jọ́ kejì tí wọ́n pè mí, ìyá yẹn kò dúró níwájú àwòrán. Ó kọjá tààrà sídìí ìjókòó páálí, ó bọ́ bàtà, ó wọ inú rẹ̀, ó fa ìwé kan yọ lára ògiri, ó sì ń kà. Àwọn ìyókù dákẹ́. Ó ka ojú ewé kan, ó yí i, ó ka èkejì. Lẹ́yìn náà ló ní kí n máa ṣàlàyé, òun ń gbọ́.

Wọ́n gba iṣẹ́ náà. Nígbà tí wọ́n pàtẹ iṣẹ́ gbogbo wa sára ògiri, àwòrán àtijọ́ tí mo fi ojú ẹni tó dúró yà, ti sẹ̀ńtímítà 165, ni wọ́n lọ yàn nínú fáìlì mi torí pé ó dán. Mo lọ bá wọn kí wọ́n fi ti ìjókòó rọ́pò rẹ̀. Wọ́n ní kò sí ìyàtọ̀. Mo tún padà lọ lọ́jọ́ kejì, mo gbé àwòrán náà dání, mo ní kí ẹni tó wà níbẹ̀ jókòó lórí àga kó wò ó. Ó jókòó, ó wò ó pẹ́, ó sì lọ mú àtẹ̀gùn wá láti yọ ti àkọ́kọ́ kúrò.