Bí mo ṣe yọ kọ̀ǹpútà mi kúrò nínú S mode

Ìbéèrè ìdánwò Yorùbá fáwọn ọmọ girama ni mo fẹ́ máa tẹ̀ tí mo fi ra kọ̀ǹpútà alágbèéká tuntun lágbègbè Ọjà Ọba, l'Ákùúrẹ́ níbí. Keyman ni mo kọ́kọ́ fẹ́ fi sórí rẹ̀, torí òun ló mọ́ mi lọ́wọ́ láti fi tẹ àmì ohùn. Ọ̀fẹ́ ni. Mo gbà á sílẹ̀ látorí íntánẹ́ẹ̀tì, mo tẹ̀ ẹ́, ni ìkìlọ̀ kan bá yọ sójú ẹ̀rọ: ohun tí Microsoft bá ti yẹ̀ wò nìkan ló lè ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀. Inú bí mi. Ẹni tó tà á fún mi kò sọ ohun tó jọ ọ́.

S mode ni wọ́n ń pe ìdènà yìí nínú Windows, ìyẹn ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà náà. Ọdún 2017 ló kọ́kọ́ jáde, Windows 10 S ló ń jẹ́ nígbà náà. Ètò tó bá ti inú Microsoft Store, ìyẹn ibi tí Microsoft ń kó ètò sí fún wa, wá nìkan ló ń gbà, kí fáírọ́ọ̀sì má bàa ráàyè wọlé. Mi ò bá wọn jiyàn lórí ìyẹn. Bó bá jẹ́ ti màmá mi ni, tí wọ́n máa ń tẹ gbogbo ohun tó bá ṣáà ti ń tàn, mi ò ní yọ ọ́. Àmọ́ ẹni tó fowó ra ilé ló yẹ kó mú kọ́kọ́rọ́ ilé dání.

Mo pe ọmọ àdúgbò wa kan tó wà ní yunifásítì FUTA kó wá jókòó tì mí. Mo ṣí Settings, mo wọ System, mo wọ Activation.

"Ẹ fara balẹ̀ wò ó o, mà. Go to the Store lè jẹ́ méjì níbẹ̀."

Òótọ́ ni. Èyí tó wà lábẹ́ Switch to Windows 11 Home ni kí ẹ tẹ̀. Ẹ má fọwọ́ kan èyí tó wà lábẹ́ Upgrade your edition of Windows, ọ̀tọ̀ nìyẹn. Store ṣí, mo tẹ Get, mo gbà pé mo fẹ́ bẹ́ẹ̀, ó parí. Wọn kì í gba kọ́bọ̀. Ṣùgbọ́n béèyàn bá ti jáde, kò sí pé à ń padà sí S mode mọ́, nítorí náà kẹ́ ẹ rò ó dáadáa kẹ́ ẹ tó tẹ̀ ẹ́.

Keyman wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́. Ohun tó wá wú mi lórí jù ni èyí tí mo rí nínú Apps, lábẹ́ Advanced app settings: Choose where to get apps. Béèyàn bá fẹ́, kó fi sí Anywhere. Bó bá wù ú, kó ní Store nìkan. Lọ́la, ó tún lè yí i padà. Irú ààbò tí mo fẹ́ nìyẹn, torí ọwọ́ olóhun ló wà.

Àbúrò mi náà ń múra àtira tiẹ̀. Mo ti ní kó ṣí Settings, System, About níwájú ọlọ́jà kó tó sanwó, kó wo ẹ̀gbẹ́ Edition bóyá wọ́n kọ S mode síbẹ̀.